Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Pe Oníbodè Ìlú Àwọn Òkú Lẹ́jọ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó dúró wá ibi jókòó sí, kí ẹni tí ó jókòó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, nítorí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí yóò bá lọ jìn. Ó gba inú igbó kọjá, ó sì gba ẹnu bodè kan tí gbogbo wa pátá ni a ó kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúntáyọ̀ ni ó rìn ín. Lábẹ́ igi ọdán iwájú ilé rẹ̀ ni ó ti máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà ọyẹ́, tí àgbàdo ti wọ àká, tí iṣẹ́ oko sì ti dẹ̀. Àgbà ọdẹ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ yin ara rẹ̀ ná. Ó máa ń ní kí ẹni tí ó bá mọ ọdẹ mìíràn tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú àwọn òkú, tí ó sì padà wá sílé wá jẹ iṣu, kí onítọ̀hún dárúkọ rẹ̀. A ó wo ara wa lójú, kò ní sí ẹni tí yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ a sì dùn.

Ọdẹ́jìnmí ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró. Kò ní òmíràn, kò sì wá òmíràn. Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin, orúkọ rẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ògiri rìn ni nígbà tí ikú mú un. Kíjìpá tí Àwẹ̀ró fi ń pọ̀n ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni ó hun ún. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ, kò tún ró aṣọ náà mọ́. Ó ká a, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nígbà tí àìsàn wá dá òun náà dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ ọkọ rẹ̀ ni pé kíjìpá yẹn ni kí wọ́n fi sin òun, kí òun lè rí ohun tí òun yóò fi pọn ọmọ òun níbẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọkún lójú ènìyàn. Ó padà sínú ilé tí ó dákẹ́, ó sì ń se oúnjẹ ẹni méjì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń se ti ẹnì kan.

Ó wà bẹ́ẹ̀ títí arúgbó ìdílé kejì, Ìyá Ṣówándé, fi dákú. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti parí, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, kí ó tó sín, kí ó dìde jókòó, kí ó sì bèèrè ẹni tí ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iná. Nígbà tí ó mu ẹ̀kọ tán, ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí. Ó ní òun dé ẹnu bodè ìlú àwọn òkú. Ó ní ọkùnrin sísanra kan jókòó sórí àpótí níta bodè, ó na ọwọ́ sí òun, ojú gèlè orí òun ni ó sì ń wò. Òun bi í pé kí ni ó fẹ́, kò fọhùn, ọwọ́ nìkan ni ó ń nà. Òun wá sọ fún un pé gèlè tí òun kò tíì wé lọ sọ́jà, òun kò ní bọ́ ọ fún irú rẹ̀, ni òun bá yíjú padà wá sílé.

“Bàbá Morẹ́nikẹ́,” ni arúgbó náà wí, “ìyàwó rẹ ń bẹ níbẹ̀. Ìta ni ó dúró sí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, kò tíì wọlé. Kíjìpá yẹn ni ọkùnrin náà ń fẹ́ gbà, Àwẹ̀ró sì fi apá méjèèjì dì í mọ́ àyà.”

Ọdẹ́jìnmí bèèrè ọmọ.

“Ọmọ ti wọlé tipẹ́. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ìyá rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ.”

Àwọn ará ilé gbìmọ̀. Àbúrò Ọdẹ́jìnmí sọ pé kí wọ́n ra aṣọ tuntun, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, kí Àwẹ̀ró lè rí nǹkan fi bẹ oníbodè. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó gbé ìbọn, kí ó lọ yìn ín fún ọkùnrin náà nídìí. Ọdẹ́jìnmí kọ̀ méjèèjì. Ó ní òun kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí láyé, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́run; àti pé bí òun bá yìnbọn pa ẹni tí ó ti kú, ta ni yóò sin ín? Ó ní òun yóò pè é lẹ́jọ́ ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ kí ènìyàn pe ọba lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n oníbodè kì í ṣe ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́, nítorí pé ẹni tí yóò bá pè é lẹ́jọ́, iwájú rẹ̀ ni yóò gbà kọjá.

Bí ó ti lọ nìyẹn o. Igbó tí ó kọ́kọ́ wọ̀, àwọn igi ibẹ̀ a máa sún sẹ́yìn bí ènìyàn bá ń bọ̀, wọn a sì tún sún padà bí ó bá ti kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá bojú wẹ̀yìn kò ní rí ọ̀nà ilé mọ́. Òjò ibẹ̀, láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń rọ̀ lọ sókè. Abẹ́ agbòjò kò wúlò, bí kò ṣe kí ènìyàn dúró lé e lórí. Ó pa ìgalà kan níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ìgalà náà ń bá a jiyàn lórí ẹni tí ó ni igbó títí ọta fi bá a lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọdẹ́jìnmí yan itan rẹ̀, ó fi í sápò.

Ní oríta àárín igbó ni ó ti pàdé iwin tí wọ́n ń pè ní Olóríòkìtì. Orí rẹ̀ rí bí òkìtì ọ̀gán, àwọn ẹ̀gà sì pa ìtẹ́ sínú irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n ń pariwo tí iwin náà kò fi lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́ ná. Wọ́n jìjàkadì títí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. (Bí Ọdẹ́jìnmí bá dé ibí yìí, a fi ojúgun hàn wá, a ní kí a fọwọ́ kàn án. Ojúgun bí ojúgun ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀?) Nígbà tí kò sí ẹni tí ó dá èkejì, iwin náà ní àlọ́ ni òun yóò pa, bí ọdẹ bá já a, kí ó máa lọ, bí kò bá já a, kí ó dúró kí òun fi ṣe òkìtì mìíràn.

“Kí ni ó ń kúrò ní ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí ọwọ́ méjèèjì fi ń di òfo?”

Ọdẹ́jìnmí ronú kan ìyàwó rẹ̀, ó sì já àlọ́ náà. Ó ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tí ó fúnni ti ṣófo, ẹni tí ó gbà á sì ń búra pé ọwọ́ òun ṣófo. Olóríòkìtì rẹ́rìn-ín tí àwọn ẹ̀gà fi fò jáde. Ó ní nítorí pé ó gbọ́n, òun yóò fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ní ìlú tí ó ń lọ, okùn kan náà ni òfin fi ń so ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Nítorí náà kí ó ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí dá a lóhùn pé ọwọ́ òun ti ní olùṣọ́ kí wọ́n tó bí baba iwin.

Ó dé ẹnu bodè. Odi ìlú náà ga tí ẹyẹ fi ń sinmi ní agbedeméjì rẹ̀ kí ó tó lè fò ó kọjá. Oníbodè jókòó sórí àpótí níta, gẹ́gẹ́ bí arúgbó ti wí. Atẹ́wọ́másọ̀rọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ àwọn òkú ni ó wọ̀ lérí ara wọn, sányán lórí àlàárì, àlàárì lórí àdìrẹ, gèlè lórí fìlà, apá rẹ̀ kò lè kan ìhà mọ́, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó ti ààrò. Òkú tí ó bá dé, a na ọwọ́ sí i. Òkú náà a bọ́ aṣọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi jẹ gbèsè kí wọ́n tó lè rà á, a ní, “Ẹ fi pa òtútù.” Oníbodè a gba aṣọ, a gbé e wọ̀, a sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n sọ: “Èmi kò bèèrè o.” Bodè a ṣí.

Àwọn tí wọ́n fi ẹní lásán sin dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò ní ohun tí wọn yóò bọ́. Àwẹ̀ró dúró láàárín wọn. Òkú tí bodè bá kọ̀ láti ṣí fún, ohùn rẹ̀ a sé, nítorí náà ojú ni ó fi kí ọkọ rẹ̀, ó sì fi ojú náà bèèrè bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ọdẹ́jìnmí mú ọkàn le, ó kọjú sí oníbodè láti sọ fún un pé ilé ẹjọ́ ni òun ń lọ.

Ohun tí ó tẹ̀lé e nìyí, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ má fi rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnikẹ́ni nínú yín náà ni ó lè ṣe é. Ìyá Ọdẹ́jìnmí ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í kí àgbà lọ́wọ́ lásán. Ẹni tí ó bá dé ilé onílé láìmú nǹkan dání, kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé kí ó dúró, ọwọ́ ti wọ àpò, ó ti fa itan ìgalà jáde, ẹnu sì ti ń wí pé, “Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ fi panu.”

“Èmi kò bèèrè o,” ni Atẹ́wọ́másọ̀rọ̀ wí. Bodè ṣí.

Àwẹ̀ró ká ọwọ́ lérí. Ọdẹ́jìnmí rò pé ó ń dágbére fún òun ni, ó juwọ́ sí i, ó wọlé, inú rẹ̀ sì dùn pé ìwà ọmọlúàbí ṣì ń ṣílẹ̀kùn níbi gbogbo.

Ní ilé ẹjọ́, ìránṣẹ́ kan tí etí rẹ̀ tóbi ju àgbọn lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì ní kí ó padà wá lọ́la. Ọdẹ́jìnmí dúró de ọ̀la. Ọ̀la kò dé. Oòrùn ìlú náà dúró sí ojú kan bí ìgbà tí a bá fi ìṣó kàn án mọ́ ibẹ̀, ọ̀sán ni nígbà gbogbo. Ó rí àwọn olùfisùn mìíràn tí irùngbọ̀n wọn ti wọ́lẹ̀, tí wọ́n ti hu koríko létí, gbogbo wọn ń dúró de ọ̀la. Nígbà tí ó wádìí, ó gbọ́ pé àkùkọ kan ni ìlú náà ní, òun ni ó máa ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tí kò fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ wọn sì ń gbé àgbàdo fún un. Ẹnu tí ó jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo; ẹnu tí ó kún fún àgbàdo, báwo ni yóò ṣe kọ?

Ọdẹ́jìnmí gun orí òrùlé ilé ẹjọ́, ó di imú, ó sì kọ bí àkùkọ. Ẹ̀rù ba oòrùn, ó wọ̀, ó tún yọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀la dé. Ìránṣẹ́ elétí àgbọn kò rí ohun tí yóò sọ mọ́, ni ó bá pe ẹjọ́. (Bí a bá ṣiyèméjì níbí, àgbà ọdẹ a di imú, a kọ ọ́ fún wa ní ọ̀sán gangan, gbogbo adìẹ Ìyá Ṣówándé a sì máa sáré wọlé lọ sùn. Arúgbó náà a yọjú sí ojú fèrèsé, a ní kí wọ́n bá òun bi ọkùnrin yẹn bóyá òun ni yóò wá ṣí wọn jáde.)

Àwọn adájọ́ mẹ́ta jókòó. Àgbà wọn wọ sányán kan tí ó dára púpọ̀, ó sì ń fi etí aṣọ náà pamọ́ sábẹ́ ìdí nígbà gbogbo. Wọ́n pe Atẹ́wọ́másọ̀rọ̀ jáde, aṣọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àwọn ènìyàn mẹ́rin ni ó tì í. Ọdẹ́jìnmí ka ẹ̀sùn rẹ̀ láti orí: ó ní ọkùnrin yìí ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn òkú kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí ìlú ti fi í síbẹ̀ láti ṣe.

“Èmi kò bèèrè o,” ni ẹlẹ́jọ́ wí.

Àgbà adájọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí ó kún inú àgbàlá pé ta ni ó fún un láṣọ. Wọ́n dákẹ́. Obìnrin kan rí àlàárì ara rẹ̀ lọ́rùn oníbodè, ó gbé ojú sókè, ó ń ka igi àjà. Ọkùnrin kan rí agbádá tí wọ́n fi sin ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí okùn so òun pọ̀ mọ́ ẹni tí ó gbà á. A máa ń sọ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹnì kan ni ó jẹ níhìn-ín, ojú gbogbo ìlú ni ó tì.

Ọdẹ́jìnmí ní òun ní ẹlẹ́rìí kan tí kò fún un ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí ó pè é. Ó ní ìta bodè ni ó wà. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí bodè. Wọ́n ní ọwọ́ oníbodè ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àgbà adájọ́ wá pàṣẹ fún Atẹ́wọ́másọ̀rọ̀ pé kí ó lọ ṣí i fún ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ́rìí ta kò ó. Oníbodè dìde, ó sì na ọwọ́ sí adájọ́. Adájọ́ ti ń tú etí sányán rẹ̀ kí ó tó rántí ibi tí ó wà, ó sì yára hùkọ́.

Bí Àwẹ̀ró ti wọlé, ohùn rẹ̀ padà sí i. Kí ó tó lò ó, ọmọ kékeré kan ti jáde láti àárín àwọn ènìyàn, ó ń fi itan àwọn àgbà rìn bí ẹni ń fi ògiri rìn. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó pọ̀n ọ́n, ó fi kíjìpá gbá a, ó sì so ó le. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́rìí. Ó ní ọkùnrin náà na ọwọ́ sí aṣọ òun, òun kò sì fún un, nítorí aṣọ ọmọ òun ni.

Inú oníbodè dùn. Ó gbàgbé pé gbólóhùn kan ni òun mọ̀, ẹnu rẹ̀ là. “Ẹ gbọ́ ọ,” ni ó wí. “Obìnrin yìí kò fún mi. Bí kò bá fún mi, kí ni mo gbà? Kí àwọn tí mo gbà lọ́wọ́ wọn wá sọ̀rọ̀.”

Àwọn adájọ́ fi orí kan orí. Wọ́n ní òótọ́ ni. Ẹni tí ó fún un kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ kò fún un. Ẹjọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá a nù, ìta tí wọ́n ti mú ẹlẹ́rìí wọlé ni wọn yóò dá a padà sí.

Àgbà adájọ́ wá fi ọwọ́ pe Ọdẹ́jìnmí sún mọ́ tòsí, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí ó fa ẹjọ́ náà padà fúnra rẹ̀. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ni ó mú ìyàwó rẹ̀ wọlé. Bí kò bá sí ẹjọ́ mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò bèèrè bí ó ṣe wọlé. Kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀, kí ó máa lọ sílé ní àlàáfíà, oníbodè pàápàá kò ní bínú.

Ọdẹ́jìnmí wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ọmọ náà ti sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ mọ́ èjìká ìyá rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Gbogbo ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá ti wà nínú ìlú náà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kù kí ó yà. Ó ya ẹnu.

Àwẹ̀ró bi í ní ohùn jẹ́jẹ́, “Bàbá Morẹ́nikẹ́, ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ adájọ́ yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ọdẹ́jìnmí wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Àwọn tí wọ́n fi ẹní sin ṣì wà níta,” ni Àwẹ̀ró wí.

Ọdẹ́jìnmí pa ẹnu dé. Ó padà sí ìdúró rẹ̀, ó ní òun kò fa ẹjọ́ kankan padà. Ojú adájọ́ korò. Oníbodè bá na ọwọ́ sínú aṣọ rẹ̀, ó tú gèlè, ó tú ìborùn, ó fa itan ìgalà kan jáde, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i.

“Olùfisùn tí ẹ ń wò yìí, òun náà ha kọ́ ni ó fún mi lẹ́ran? Kí ó sọ fún yín ohun tí ó rí lọ́bẹ̀ tí ó fi ro ọwọ́.”

Ilé ẹjọ́ rọ́ fún ẹ̀rín. Ìgbà yìí ni ó tó yé Ọdẹ́jìnmí ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi ká ọwọ́ lérí. Àgbà adájọ́ kìlọ̀ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kí ó ronú kí ó tó fèsì. Bí ó bá ní òun kò mọ itan náà rí, itan di ti ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá ní òun ni òun fún un, okùn ìlú wà nílẹ̀, kì í yan àlejò sọ́tọ̀.

Ọdẹ́jìnmí rí ọ̀nà méjèèjì. Ó tún rí i pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ẹjọ́ yìí ń wá.

“Èmi ni mo fún un,” ni ó wí. “Ọwọ́ mi yìí ni. Mo pè é ní ìkíni, ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀ tí bodè kò ṣí fún un. Mo fún un, ó gbà, ó sì ṣí i. Ẹ mú okùn yín wá.”

Wọ́n so wọ́n pọ̀, ọdẹ àti oníbodè, ọwọ́ mọ́ ọwọ́. Bí wọ́n ti ń ta kókó ni obìnrin tí ó ń ka igi àjà sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Èmi náà fún un. Àlàárì ọrùn rẹ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín.” Ọkùnrin tí ó ń wúkọ́ fi ikọ́ sílẹ̀, ó ní òun ni òun ni agbádá. Ẹlòmíràn ní òun ni òun ni fìlà. Ọ̀rọ̀ náà ràn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́ elétí àgbọn, tí òun náà ní ìbora kan níbẹ̀. Gbogbo ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo sányán àgbà adájọ́, nítorí ọkùnrin kan ti ń sọ ní ẹ̀yìn pé kí bàbá jọ̀wọ́ dìde kí òun rí ìsàlẹ̀ aṣọ yẹn dáadáa, bóyá tòun ni.

Àgbà adájọ́ kò dìde. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó yára kéde pé okùn ìlú kò lè tó, àti pé òfin kò rò ó rí pé ènìyàn lè pọ̀ tó báyìí. Nítorí náà, ó foríji gbogbo ará ìlú. Ti Ọdẹ́jìnmí, ó ní kò sí ìdáríjì fún un, nítorí kò ní ẹbí ní ìgbìmọ̀. Kí a má baà sọ pé ilé ẹjọ́ kò ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, ó dá oníbodè lẹ́bi.

Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Wọ́n ń bọ́ ọ títí ó fi di pé ohun tí ó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kékeré kan báyìí, ó tínrín bí igi ìṣáná, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí ó gbé gbogbo aṣọ náà sórí, kí ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ó dá a padà fún olúkúlùkù. Àwọn tí ó rí i sọ fún Ọdẹ́jìnmí pé bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, onílé a jókòó sí ìloro, kò ní kí i, kò ní ní kí ó wọlé, a kàn na ọwọ́ sí i.

Ipò oníbodè ṣófo. Kí wọ́n tó tú ká, gbogbo ará ìlú ti ń mú ọmọ àbúrò ìyá wọn wá fún àwọn adájọ́, obì lọ́wọ́. Ọjọ́ mìíràn ni ìbá jẹ́, wọn ìbá gbà á. Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ lára sányán jù lọ́jọ́ náà. Àgbà adájọ́ wo yíká, ó wá ẹni tí kò fúnni tí kò sì gbà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó rí. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Ó ní òun yóò gbà á bí ọmọ òun bá lè máa wà lẹ́yìn òun níbi iṣẹ́. Wọ́n gbà fún un. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó ṣí bodè gbayawu, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí gbogbo àwọn tí wọ́n fi ẹní sin fi wọlé tán.

Ìdájọ́ Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n kà kẹ́yìn. Kí ó máa padà lọ sí ayé nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kú, tí ó sì dé, kò gbọdọ̀ wọlé. Ìta bodè ni yóò wà, fún iye àkókò tí ìyàwó rẹ̀ fi wà níta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ilé ẹjọ́, wọ́n tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ó bá Àwẹ̀ró lórí àpótí oníbodè níta, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí dúró bí àlejò. Ó wá bi í, bí ẹni ń ṣàwàdà, bóyá oníbodè tuntun kò lè bá òun dín àkókò ìdúró yẹn kù díẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé.

“Kò ní dín,” ni Àwẹ̀ró wí. “O ó lò ó pé.”

“Orí ìdúró ni?”

Àwẹ̀ró ro ìdájọ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ìlú ni nísinsìnyí. “Wọ́n ní kí o má wọlé,” ni ó wí. “Wọn kò ní kí o má jókòó.”

Ó sì sún díẹ̀ lórí àpótí náà, láti wò ó bóyá yóò gba ẹni méjì.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí máa ń dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fẹ́ kí ó sọ bí ó ṣe la igbó yẹn kọjá padà, bí àwọn igi ṣe jẹ́ kí ó rí ọ̀nà, àti ohun tí Olóríòkìtì wí. Ọdẹ́jìnmí a ní òun kò rántí. A ní kí wọ́n lọ bi ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dá ẹjọ́ rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́, bóyá ó mọ ìgbà tí ó délé.